Yunifásítì méjì gbà mí fún MA social work: ṣé orúkọ ilé-ìwé ni kí n wò ni, àbí ibi ìkọ́ṣẹ́?

Abíọ́nà_Leeds
Ọjọ́ Àìkú, 9:14 alẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti gba oorun lójú mi láti ọ̀sẹ̀ méjì. Leeds ni mo ń gbé pẹ̀lú ọkọ mi àti ọmọ wa ọlọ́dún mẹ́rin. Sociology ni mo kà nílé. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú ọba, iṣẹ́ kéà ni mo ń ṣe, nílé àwọn arúgbó. Ní báyìí mo fẹ́ kọ́ iṣẹ́ social work fúnra rẹ̀, èyí tí à ń pè ní wẹ́fíà nílé, kí n lè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Social Work England, àjọ tó ń forúkọ àwọn òṣìṣẹ́ náà sílẹ̀ ní England.

Ilé-ìwé méjì ló gbà mí, ọdún méjì-méjì ni wọ́n. Ọ̀kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù, orúkọ rẹ̀ ń dún káàkiri ayé. Gbogbo ẹni tí mo sọ fún ló pariwo pé kí n gba ibẹ̀. Èkejì kò jìnnà sílé mi, ogójì ìṣẹ́jú ni nínú ọkọ̀ ojú irin, àmọ́ orúkọ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dún. Bí mo bá lọ Lọ́ńdọ̀nù, ilé àǹtí mi kan ní Peckham ni màá máa sùn láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, ọkọ mi á sì máa dá tọ́jú ọmọ.

Ohun tó tún ń dẹ́rù bà mí ni placement, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ náà. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbé mi sí ẹ̀ka ọmọdé. Ẹ̀yin náà mọ bí àwọn èèyàn wa ṣe ń pe orúkọ "sóṣíà" níbí: wọ́n á wá gba ọmọ ẹ. Mi ò fẹ́ di ẹni tí wọ́n á máa tilẹ̀kùn mọ́. Ṣé mo lè kọ̀ ọ́? Ṣé wọn ò sì lè jẹ́ kí n kọ́ṣẹ́ náà nílé arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

ÌyáÌbejì_Peckham
Ọjọ́ Àìkú, 10:02 alẹ́

Àbúrò mi, o káre. Ọdún kẹtàdínlógún mi rèé lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ọdún mẹ́sàn-án nínú rẹ̀ ni mo sì ti ń tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà. Practice educator ni wọ́n ń pè wá.

Igba ọjọ́, 200, ni akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ fi kọ́ṣẹ́ ní England kó tó lè forúkọ sílẹ̀. Ó lè tó 30 nínú rẹ̀ tí wọ́n máa fi kọ́ yín ní ọgbọ́n iṣẹ́ náà nínú kíláàsì. Èyí tó kù, ọ̀dọ̀ àwọn tí à ń ràn lọ́wọ́ ni ẹ ti máa ṣe é. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ló ń pín in sí 70 àti 100. Ibi méjì tí kò jọra ni wàá lọ, ó kéré tán ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ tí òfin là sílẹ̀, kánsù ló sì sábà máa ń jẹ́. Ilé-ìwé tó lórúkọ àti èyí tí kò ní, ìlànà kan náà ló de gbogbo wọn. Nígbà tí o bá parí, orúkọ tó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ náà kò ga ju ara wọn lọ.

Níbo wá ni ìyàtọ̀ wà? Ó wà lọ́wọ́ ẹni tó máa kọ́ ẹ. Bí ọmọ ẹ bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ aránṣọ nílé, ṣé àdúgbò tí ṣọ́ọ̀bù wà lo máa wò? Ọ̀gá lo máa wò. Ọ̀gá kan á fi àlùmọ́gàjí lé e lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ kẹta, á dúró tì í. Òmíràn á ní kó máa pọnmi, kó máa gbọ́mọ, títí fúrídọ̀mù á fi dé, kò sì ní lè gé búbá. Mo ti gba akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì láti ilé-ìwé ńlá tí kò tíì dá wọ ilé aláìní kan rí. Àánú ẹ̀ ṣe mí.

Kọ íméèlì sí méjèèjì lọ́la. Béèrè iye akẹ́kọ̀ọ́ wọn tó wà ní kánsù lọ́dún tó kọjá. Béèrè bóyá ibi iṣẹ́ gan-an ni practice educator máa ń wà, àbí ẹni tó ń ti òde wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì. Béèrè bí wọ́n ṣe lè rán ẹ jìnnà tó, torí ìwọ lọ́mọ kékeré. Kí o sì béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe bí ibi ìkọ́ṣẹ́ bá bàjẹ́ lójijì. Ilé-ìwé tó bá ń fi ọ̀rọ̀ dídùn dáhùn ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí, máa ṣọ́ra fún un.

Ní ti ibi tí o ti ń gbowó, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ò ní gbà kí o kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, mo sì fara mọ́ ọn. Ẹni tó ń san owó oṣù rẹ ni wàá tún fẹ́ máa bá jiyàn pé ohun tó ń ṣe fún àwọn arúgbó kò tọ́? Yóò ṣòro.

ỌmọẸ̀gbá
Ọjọ́ Àìkú, 11:20 alẹ́

Ìyá wa, ẹ forí jì mí, mi ò gbà pẹ̀lú yín tán. Iṣẹ́ kánsù nìkan kọ́ ni èèyàn ń fi MA ṣe. Bí Abíọ́nà bá fẹ́ ṣe ìwádìí lọ́jọ́ iwájú, tàbí kó lọ kọ́ni ní yunifásítì nílé, orúkọ ilé-ìwé á sọ̀rọ̀ fún un kó tó wọlé. Mo rí i lára ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Nǹkan kejì ni pé àwọn èèyàn wa pọ̀ ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Níbẹ̀ ni yóò ti rí ẹjọ́ ọmọ Yorùbá lóríṣiríṣi, tó máa fi mọ iṣẹ́ náà ju kó wà níbi tí òun nìkan jẹ́ aláwọ̀ dúdú nínú ọ́fíìsì.

ÌyáÌbejì_Peckham
Ọjọ́ Àìkú, 11:41 alẹ́

Ọmọ Ẹ̀gbá, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ẹ, pàápàá ní ti ìwádìí. Àmọ́ ohun tó sọ pé òun fẹ́ ni kí òun forúkọ sílẹ̀ kí òun sì ṣiṣẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rin tí kò rí ìyá rẹ̀ láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè fún ọdún méjì, ẹ jẹ́ ká ka ìyẹn náà mọ́ iye owó ilé-ìwé.

ÀjòDùn_Houston
Ọjọ́ Ajé, 3:35 òru

Mo kí gbogbo yín láti Texas. Wákàtí ni wọ́n fi ń ka tiwa níbí: ó kéré tán 900 fún MSW, oyè master's nínú social work. CSWE, àjọ ẹ̀kọ́ social work ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1952, ló ń fọwọ́ sí àwọn ilé-ìwé. Bí ilé-ìwé ò bá sí lábẹ́ wọn, wàhálà ìwé àṣẹ á bá ẹ dọ́jọ́ alẹ́. Ẹni tó ti ka social work ní oyè àkọ́kọ́ lè rí ọ̀nà àbùjá tó ń dín àsìkò kù. Ìyàtọ̀ kan ni pé àwọn ilé-ìwé kan níbí gbà kí o kọ́ṣẹ́ níbi tí o ti ń ṣiṣẹ́, bí ohun tí o fẹ́ kọ́ bá wà níbẹ̀. Ohun tí Ìyá Ìbejì sọ nípa ọ̀gá, ẹ kọ ọ́ sára ògiri. Ìdánwò ìwé àṣẹ tí mo ṣe kò bi mí léèrè ilé-ìwé tí mo lọ. Ọmọbìnrin tó tọ́ mi sọ́nà ló kọ́ mi bí èèyàn ṣe ń dákẹ́ kí ẹlòmíràn lè sọ̀rọ̀.

Ẹyẹlé_Salford
Ọjọ́ Ajé, 7:50 àárọ̀

Àǹtí Abíọ́nà, èmi náà ti sọ ọ́ rí pé mi ò lọ ẹ̀ka ọmọdé. Ibẹ̀ náà ni wọ́n gbé mi sí fún ọgọ́rùn-ún ọjọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí.

Bí ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni. Èmi àti òṣìṣẹ́ kan, òyìnbó, onínúure èèyàn, lọ sílé ìyá kan tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa. Ilé-ìwé ọmọ ló pè. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, orógùn ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ń ro ẹ̀bà lọ́wọ́. Ọmọbìnrin ẹ̀ jáde, bí ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó rí mi, ó kúnlẹ̀ gbì. "Ẹ káàárọ̀ mà." Mo rí i tí ojú ẹnìkejì mi yí padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ nǹkan sílẹ̀.

Ìyá náà sún mọ́ mi létí sítóòfù, ó fi ohùn kékeré sọ pé, "Àbúrò, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ fẹ́ gba ọmọ mi ni?" Ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, gààrí ń já bọ́ lára orógùn sórí bàtà ẹ̀. Mo dá a lóhùn ní Yorùbá pé a wá béèrè ọ̀rọ̀ ni, mo sì fi kún un pé gbogbo ohun tí a bá jọ sọ ni màá sọ fún ẹni tí a jọ wá. Mo yíjú, mo sọ ọ́ lójú ẹ̀sẹ̀. Ọ̀gá mi ti kọ́ mi bẹ́ẹ̀: a kì í ní ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ pẹ̀lú ẹnikẹ́ni nínú ilé tí a lọ, akẹ́kọ̀ọ́ kì í sì í ṣe ògbufọ̀. Bí Gẹ̀ẹ́sì ìyá náà kò bá tó, kánsù ló máa sanwó ògbufọ̀.

Nínú ọkọ̀ ni ẹnìkejì mi ti ka ohun tó kọ fún mi: ọmọ náà kúnlẹ̀, ó jọ pé ẹ̀rù ìyá rẹ̀ ń bà á. Mo ṣàlàyé ìkúnlẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n mi ò dúró síbẹ̀. Mo ní ká rántí ohun tó ṣe lẹ́yìn tó kúnlẹ̀: ó rẹ́rìn-ín, ó dìde, ó lọ fa fóònù nínú àpò ìyá ẹ̀ láìtọrọ àyè, ó sì jókòó sí i lẹ́sẹ̀. Ó ronú sí i, ó tún un kọ. Wọ́n ti ẹjọ́ náà lẹ́yìn tí ìyá náà rí ẹni bá a mú ọmọ lọ sílé-ìwé láàárọ̀. Iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe, oorun ló ń gbé e lọ.

Ẹ jẹ́ ká sọ ẹ̀gbẹ́ kejì náà, torí kì í ṣe pé ká máa gbèjà àṣà lásán. Victoria Climbié, ọmọ Ivory Coast, ọmọ ọdún mẹ́jọ, kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní February 2000, lọ́wọ́ àǹtí bàbá rẹ̀ tó mú un wá àti ọkùnrin tí obìnrin náà ń fẹ́. Nínú ìwádìí tí Lord Laming gbé jáde ní 2003, ó hàn pé wọ́n sọ fún òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọmọ náà bó ṣe máa ń dúró gbọnin níwájú wọn, ó sì kà á sí ọ̀wọ̀ tí àwọn ìdílé aláwọ̀ dúdú fi ń tọ́mọ. Ẹ̀rù ni. Ìgbà tí mo kà á, mi ò lè jẹun alẹ́. Ẹni tó lè wo ọmọ tó kúnlẹ̀ kó sì mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ ilé ni tàbí ìpayà, ta ló yẹ kó wà níbẹ̀ bí kò ṣe àwa? Bí gbogbo wa bá sá fún ẹ̀ka ọmọdé nítorí ohun tí àwọn èèyàn wa máa sọ, àwọn ọmọ wa náà la sá fún.

Abíọ́nà_Leeds
Ọjọ́ Ajé, 12:30 ọ̀sán

Ẹyẹlé, mo ka ọ̀rọ̀ ẹ lákókò ìsinmi mi níbi iṣẹ́, omi bọ́ lójú mi. Ẹ ṣé. Wọ́n fi èmi náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá òyìnbó kan ní Kent fún ọdún méjì nígbà tí àwọn òbí mi wá kàwé. Mi ò sọ ọ́ lókè torí mi ò rò pé ó bá ọ̀rọ̀ yìí tan. Ó wá dà bí ẹni pé ó bá a tan.

ÌyáÌbejì_Peckham
Ọjọ́ Ajé, 1:15 ọ̀sán

Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ló gba ọ̀nà yẹn, láti bí ọdún 1950 sókè. Àwọn òbí ò mọ̀ pé ó burú. À ń gbé ọmọ fún ẹni tó lè tọ́ ọ nílé, wọ́n rò pé bákan náà ni. Lónìí, bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 bá gbé lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe ìbátan tímọ́tímọ́ fún ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òfin ní kí wọ́n sọ fún kánsù. Ọ̀pọ̀ ará wa ò mọ òfin yìí títí di òní. Ìwọ tí o ti gbé e wò, o máa mọ bí wọ́n ṣe ń ṣàlàyé ẹ̀ fún ìyá kan láìdójú tì í. Ṣùgbọ́n kí o tó lọ ẹ̀ka ọmọdé, jẹ́ kí ẹni tó máa tọ́ ẹ sọ́nà mọ̀. Ẹjọ́ kan lè ṣí ojú egbò yẹn, kò sì yẹ kí o dá wà lọ́jọ́ náà.

Arìnrìnàjò_B'ham
Ọjọ́ Ajé, 6:05 ìrọ̀lẹ́

Ibi ìkọ́ṣẹ́ mi àkọ́kọ́ bàjẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ torí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Àjọ aláàánú kékeré kan ni. Social worker kankan ò sí níbẹ̀. Ẹni tó yẹ kó kọ́ mi ń ti òde wá, ó wá lẹ́ẹ̀mejì nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo ń gbé fóònù, mo ń to páálí, mo ń ṣe fọ́tòkọ́pì. Mo dákẹ́, torí wọ́n ti kọ́ mi nílé pé ọmọ kì í ka ẹ̀sùn àgbà. Nígbà tí ìpàdé àárín ìkọ́ṣẹ́ dé, ìwé mi ṣófo, wọ́n wá ń bi èmi pé kí ló dé. Wọ́n gbé mi kúrò, mo tún bẹ̀rẹ̀ níbòmíràn, oṣù mẹ́rin ni mo fi kẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ mi.

Ohun tí ǹ bá ti ṣe ni kí n ka ìwé àdéhùn ìkọ́ṣẹ́ dáadáa kí n tó fọwọ́ sí i. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ iye ìgbà tí ọ̀gá máa bá ẹ jókòó, iṣẹ́ tí wọ́n máa fún ẹ, ìgbà mélòó ni wọ́n máa wá wò ẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ra ìwé kékeré kan, máa kọ ohun tí o ṣe lójoojúmọ́. Bí ọ̀sẹ̀ kejì bá kọjá tí o ò tíì rí ọ̀gá, kọ̀wé sí olùkọ́ rẹ lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe àfojúdi.

Ìbàdàn_Nílé
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:20 àárọ̀

Mo ń ka yín láti Ìbàdàn, mo fẹ́ wá ní September pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́. Ṣé mo lè mú ìyàwó mi dání, kí n sì gba bursary, owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́ social work?

Arìnrìnàjò_B'ham
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:44 àárọ̀

Rárá sí méjèèjì, ẹ̀gbọ́n. Láti January 2024, ẹni tó wá ka master's oníkíláàsì kò lè mú ìyàwó tàbí ọmọ wá lórí físà yẹn. Bursary sì wà fún àwọn tó ti ń gbé níbí. Ilé-ìwé ló ń fa orúkọ kalẹ̀, iye rẹ̀ sì níwọ̀n, kì í kárí. Ẹ tún ro ti iṣẹ́ wákàtí 20 lọ́sẹ̀. Lásìkò ìkọ́ṣẹ́, ẹ máa ń wà níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ fún oṣù púpọ̀. Ẹni tó ń fi iṣẹ́ òru sanwó ilé-ìwé á rẹ̀ kó tó dé ilé aláìní.

Ọkọ̀Abẹ́òkúta
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:10 alẹ́

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹ̀ka àgbàlagbà rọrùn. Ibẹ̀ ni mo wà, ẹgbẹ́ tó ń bójú tó àwọn tí ara ọpọlọ wọn kò dá. Mo ti jókòó ti bàbá kan tó di fírémù ilẹ̀kùn ilé ẹ̀ mú, tó ní òun ò lọ.

Abẹ́òkúta ni wọ́n bí mi, lẹ́bàá Aro, ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ. Láti 1954 ni Dókítà Lambo ti ń fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí kan tó bá wọn wá, tó ń se oúnjẹ fún wọn. Mo rò pé gbogbo ayé ló mọ̀ pé ẹbí ni oògùn àkọ́kọ́. Mo débí, mo rí i pé òfin Mental Health Act ti 1983 ní ìlà tirẹ̀ tó fi ń mọ ẹni tó jẹ́ ìbátan tó sún mọ́ aláìsàn jù lọ: ọkọ tàbí ìyàwó ló ṣáájú. Nílé tiwa, ẹ̀gbọ́n bàbá lè wà lórí àga, kí gbogbo ilé máa wo ẹnu ẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀yìn ni òfin tò ó sí. Ọ̀gá mi lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́ fi ìrọ̀lẹ́ kan kọ́ mi bí mo ṣe lè tẹ̀ lé òfin kí n má sì tàbùkù bàbá náà: bi aláìsàn pé ta ni ó fẹ́ kó wà níbẹ̀, kí o sì bọ̀wọ̀ fún ẹni tó bá dárúkọ. Mi ò rí i kà nínú ìwé kankan.

Abíọ́nà_Leeds
Ọjọ́ Ẹtì, 5:25 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kọ íméèlì náà sí méjèèjì bí Ìyá Ìbejì ṣe ní kí n ṣe. Ti Lọ́ńdọ̀nù fi líǹkì ojú ewé kan ránṣẹ́ sí mi, mo ti kà á tẹ́lẹ̀. Ti itòsí ilé wa, obìnrin tó ń ṣètò ìkọ́ṣẹ́ wọn gan-an ló pè mí lórí fóònù, a sọ̀rọ̀ fún ìdajì wákàtí. Ó ní kánsù ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì wọn wà lọ́dún tó kọjá. Nígbà tí mo béèrè èyí tó bàjẹ́, kò fi bò mí: ó ní méjì bàjẹ́, ó sì sọ iye ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi wá ibòmíràn fún wọn. Ó ní mi ò lè yan ibi tó wù mí, àmọ́ wọ́n á gbọ́ ohun tí mo bá fẹ́.

Mo ti gba ibẹ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n fi ẹ̀ka àgbàlagbà bẹ̀rẹ̀, kí ti ọmọdé jẹ́ ọgọ́rùn-ún ọjọ́ náà. Mo sọ ti Kent fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun á rí i pé ẹni tó máa tọ́ mi sọ́nà jẹ́ ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ kánsù ń béèrè ẹ̀, provisional, ti ẹni tó ṣì ń kọ́ ọkọ̀ wíwà, nìkan ló sì wà lọ́wọ́ mi.

ÌyáÌbejì_Peckham
Ọjọ́ Ẹtì, 5:58 ìrọ̀lẹ́

O ṣeun láyé! Wá ọjọ́ ìdánwò ìwakọ̀ lálẹ́ òní, má dúró de ọ̀la, torí ìlà gùn. Bí wọ́n bá fún ẹ ní ìwé àdéhùn ìkọ́ṣẹ́, nu orúkọ gbogbo èèyàn kúrò lára ẹ̀, kí o fi ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀. Kí a jọ kà á kí o tó fọwọ́ sí i.